Ebòlò Inú Fíríìjì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, pálọ̀ ni oko wa wà. Ó ní ilẹ̀kùn, ó ní ọwọ́ tí a fi ń ṣí i, gílóòbù kan sì ń tàn nínú rẹ̀. Fíríìjì ni. Kí ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ tó sọ pé Àbẹ̀kẹ́ tún ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Fíríìjì náà ti wà nílé wa ní Ẹdẹ kí wọ́n tó bí mi. Ó funfun nígbà tí wọ́n rà á, àmọ́ nígbà tí mo fi gbọ́njú, ó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Ìyá mi máa ń di omi inú ọ̀rá sínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rántí bí a ṣe ń fi eyín já igun ọ̀rá omi dídì, tí a ó máa fà á mu títí ètè yóò fi kú, tí a ó wá máa sọ̀rọ̀ bí akólòlò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná dé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fíríìjì náà gbọ̀n, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ẹni tó máa ń tún un ṣe wá, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó mi orí, ó sì kí wa pé ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Bàbá mi kò jẹ́ kí a gbé e jù nù. Télọ̀ ni wọ́n, èmi ò sì tíì rí télọ̀ tó ń ju nǹkan nù. Wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ àwọn oníbàárà sí nítorí eku. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè bùbá rẹ̀, wọ́n á ní kó fara balẹ̀, ó wà nínú fíríìjì. Bó ṣe wà nìyẹn títí Ìyá Àgbà fi kọ oúnjẹ.

Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi, bàbá mi nìkan ṣoṣo sì ni wọ́n bí. Abúlé Alájùé ni ilé wọn, ilé àgbẹ̀ tó ń bọ òrìṣà, kí ilé ọkọ tó sọ wọ́n di Mùsùlùmí. Yàrá wọn la máa ń sá sí bí pàṣán ìyá mi bá ń lé wa, ìgbà gbogbo ni dùndú kan sì máa ń wà lábẹ́ ewé tí wọ́n fi pamọ́ dè mí. Omi àmù ni wọ́n ń mu. Láti ọjọ́ tí fíríìjì ti wọlé ni wọ́n ti sọ ọ́ pé ohunkóhun tó bá ti inú àpótí yẹn jáde, òkú ni, àwọn kì í sì í jẹ òkú.

Lẹ́ẹ̀rùn ọdún kan, ibà dá wọn dùbúlẹ̀. Ibà náà lọ, àmọ́ ó mú ìfẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ lọ. Ìyá mi ro ẹ̀kọ, Ìyá Àgbà ní ó ń kan. A sun iṣu, wọ́n ní ó le. Ebòlò nìkan ni wọ́n ń béèrè, ebòlò sì rèé, ewé òjò ni, kò sí ẹni tí ń tà á nígbà ọyẹ́. Wọ́n rù débi pé ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ń yọ̀ dé ìgúnpá. Mo máa ń rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, tépù rọ̀ lọ́rùn wọn, abọ́ oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù ń bà wá. A ò fẹ́ kí Ìyá Àgbà kú.

Ni bàbá mi bá gun ọ̀kadà lọ sí etí odò Ọ̀ṣun, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ tán. Wọ́n rí ebòlò díẹ̀ tó ti gbó, wọ́n gé igi rẹ̀ wálé, wọ́n sì gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Wọn ò tíì fọ ọwọ́ tán tí ewúrẹ́ Ìyá Sìkírù, aládùúgbò wa, fi débẹ̀. Ẹran yẹn ti jẹ tẹ̀tẹ̀ wa rí, ó ti jẹ ata, ó ti jẹ ìdajì fìlà kan tó jẹ́ ti oníbàárà. Bàbá mi lé e. Wọ́n wo igi ebòlò tó ṣẹ́ kù, wọ́n wo ewúrẹ́ tó dúró lókèèrè tó ń dúró de ìgbà tí wọ́n á wọlé, wọ́n wá yíjú sí pálọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ní, ohun kan ṣoṣo ni ewúrẹ́ náà kò lè ṣí.

Wọ́n kó aṣọ jáde nínú fíríìjì, wọ́n yọ pẹpẹ inú rẹ̀, wọ́n ki irin sínú iná títí ó fi pọ́n, wọ́n sì fi dá ihò sí i lára kí ewé lè rí atẹ́gùn. Wọ́n ní inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sára ewé. Ni wọ́n bá rán èmi àti Múrí, ẹ̀gbọ́n mi, pé ká lọ ṣa bébà dídán inú páálí sìgá. A ṣà á dé gbogbo ibi tí ọ̀kadà ń dúró sí. Àfi ìgbà tí ìyá mi bá páálí sìgá nínú báàgì ilé-ìwé Múrí. Kó tó sọ pé oko ni a fẹ́ fi dá nínú fíríìjì, wọ́n ti gbá a létí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, wọ́n tún gbá a létí kejì nítorí irọ́.

Ilẹ̀ dúdú la bù sínú bàsíà, a sì po ìgbẹ́ ewúrẹ́ Ìyá Sìkírù mọ́ ọn, torí bàbá mi ní ó tọ́ kí ẹran náà ṣe wá lóore lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Gílóòbù pálọ̀ ni wọ́n yọ sí i. Láti ìgbà náà, bí iná bá dé nírọ̀lẹ́, inú òkùnkùn la máa ń jókòó sí, tí fíríìjì á máa tàn yòò láti inú ihò ara rẹ̀. Bí èmi àti Múrí bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, a ó kọ́kọ́ tọrọ àyè kí wọ́n bá wa ṣí i díẹ̀. Bí kò bá sí iná, gbogbo ilé la jọ máa gbé e jáde lọ yá oòrùn. Àwa méjèèjì á dúró tì í, igi lọ́wọ́, nítorí ewúrẹ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń ṣeré ten-ten lójú wa. Àwọn tó ń kọjá á kí wa pé ẹ kú iṣẹ́, wọn kì í sì í béèrè iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ojú máa ń tì mí débi pé mo máa ń wo ilẹ̀.

Àràárọ̀ ni bàbá mi ń fi tépù wọn ebòlò náà bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. Ó ń hù lóòótọ́. Ohun tó kù ni pé àwọn ọmọ àdúgbò ò tíì jáwọ́ nínú àṣà wọn, wọ́n ṣì ń wọlé wá ṣí fíríìjì bóyá omi tútù á wà ńbẹ̀. Ni bàbá mi bá pààlè sí i. Ẹ mọ àálè, ohun tí àgbẹ̀ máa ń so sí ẹnu oko láti fi kìlọ̀ fún olè. Àmọ́ ìgboro ni wọ́n bí bàbá mi sí, wọn ò pààlè rí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n so mọ́ ọwọ́ fíríìjì: apá kan àlùmọ́gàjí tó ti ṣẹ́, igi òwú tí òwú ti tán lára rẹ̀, àti sílípáàsì Múrí tó ti já.

Ìyá Sìkírù wá bu iyọ̀, wọ́n rí àálè, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láti inú ihò, wọ́n sì kúnlẹ̀. Kó tó di Jímọ́ọ̀, àdúgbò ti gbọ́ pé télọ̀ ti ń bọ fíríìjì. Àfáà àdúgbò fúnra wọn wá wò ó. Wọ́n ṣí i, wọ́n ṣe sùbúhánà, wọ́n sì béèrè bóyá ata náà lè hù níbẹ̀. Ìyá Sìkírù ní fíríìjì ti mú àfáà náà.

Nígbà tí ebòlò tó já, ìyá mi já díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gúsí sè é, wọ́n sì gún iyán. Òórùn rẹ̀ dé yàrá Ìyá Àgbà, wọ́n sì dìde jókòó fúnra wọn. Wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n fi kan ọbẹ̀, ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu. Ìgbà yẹn gan-an ni inú Múrí dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní, "Ìyá Àgbà, fíríìjì wa ló bí i o."

Ìyá Àgbà gbé òkèlè náà padà sínú abọ́. "Òkú ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ fún mi jẹ, Ràṣídì?"

Bàbá mi ṣàlàyé. Wọ́n sọ ti gílóòbù, wọ́n sọ ti ilẹ̀, wọ́n tilẹ̀ na tépù láti fi bó ṣe ga tó hàn. Ìyá Àgbà ti kọjú sí ògiri. Ìyá mi ní kí Múrí kúnlẹ̀ kó sì gbé ọwọ́ sókè, kò sì sí ẹni tó rántí láti ní kó dìde. Bàbá mi lọ jókòó sídìí máṣíìnì, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà á, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Sìkírù wá kí Ìyá Àgbà. Ẹsẹ̀ ibùsùn ni mo jókòó sí, mò ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Ọmọ yín ti ń bọ fíríìjì. Ó ti pààlè sí i."

Ìyá Àgbà yíjú kúrò lára ògiri. "Kí ló fi pààlè?"

Ìyá Sìkírù kà á fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí àlùmọ́gàjí, Ìyá Àgbà dá wọn dúró.

"Àlùmọ́gàjí? Ṣé ó fẹ́ rán olè náà ni?" Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, fà mí dìde. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ èyí ní Alájùé."

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jáde nínú yàrá kẹ́yìn. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, a dé pálọ̀. Wọ́n já àálè bàbá mi dànù, wọ́n rán mi lọ wá ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa, wọ́n sì so ó bó ṣe yẹ kí wọ́n so ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn kì í pààlè sí ohun tí àwọn ò rí, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn.

Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù bọ́ sí wọn lójú. Ebòlò kún inú fíríìjì bámúbámú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Èpò náà sì wà láàárín rẹ̀, torí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ ro oko inú ilé. Wọ́n ki ìka bọ inú ilẹ̀. Wọ́n fa èpò kan tu, wọ́n gbé gbòǹgbò rẹ̀ súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó títí.

"Oko ta ni èyí tí èpò bò báyìí? Ẹ gbé àpótí wá fún mi."

Wọ́n jókòó síwájú fíríìjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu èpò. Wọ́n pe bàbá mi, wọ́n ń bá wọn wí pé ebòlò há jù. Bàbá mi na gbọọrọ sórí ilẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú wọn. Ìyá Sìkírù, tó rí ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fíríìjì, kò dúró gbọ́ àlàyé mọ́. Ìyá Àgbà já ebòlò sórí itan ara wọn, wọ́n ní kí ìyá mi lọ sè é. "Èyí tí mo já fúnra mi, mo mọ̀ pé ó wà láàyè." Wọ́n jẹ iyán tán lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ní kí wọ́n bu sí i. A ní kí Múrí dìde, torí ó tún ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tuntun, a ò tiẹ̀ rántí ohun tó ṣe lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Àgbà lo ọdún púpọ̀ sí i. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á wé gèlè iṣẹ́, wọ́n á ní àwọn ń lọ sóko, wọ́n á sì rìn láti yàrá dé pálọ̀. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní kó má bínú, ó rẹ àwọn, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé ni.

Ayé ti rọrùn sí i, mi ò sì ní purọ́ pé inú mi ò dùn sí i. Òṣogbo ni mo ń gbé báyìí. Sólà ló ń gbé fíríìjì mi, ó tutù tọ̀sán tòru, ohun kan ṣoṣo tó sì ń hù nínú rẹ̀ ni búrẹ́dì tó ti bu. Àwọn ọmọ mi ò ṣọ́ ewúrẹ́ rí. Ebòlò wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, wọ́n ti rẹ́ ẹ sílẹ̀, kódà nígbà ọyẹ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi wà. Ojú wọn kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, àmọ́ tépù ṣì wà lọ́rùn wọn. Lọ́yẹ́ ọdún yìí ni wọ́n kọ oúnjẹ, wọ́n ní ebòlò ni àwọn fẹ́. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo sáré lọ ṣọ́ọ̀bù, mo sè é, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló já a?"

Mi ò mọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ti abọ́ náà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wọ kíṣìnnì, mo sunkún.

Mo lọ sí Ẹdẹ, mo sì fi ọkọ̀ gbé fíríìjì àtijọ́ náà wá, tòun ti ihò ara rẹ̀. Ọkọ mi wò mí, ó sì bá mi gbé e wọ pálọ̀. Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn wọ pálọ̀ mọ́. Mo wá igi ebòlò gbìn sínú rẹ̀, mo sì so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ewé àkọ́kọ́ ti yọ. Láàárọ̀ yìí, bàbá mi jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, wọ́n na tépù, wọ́n ń fi ìka tu èpò. Àbíkẹ́yìn mi fọwọ́ kan àálè náà, ó bi mí pé kí ló ń ṣọ́.

Mo ní, "Bàbá mi ni."