Àárọ̀ Tí Bàbá Mi Ní Kí N Má Kúnlẹ̀

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn pẹtiróòlù pọ̀ mọ́ ti koríko tútù, Ọ̀yọ́ ni ọkàn mi ń lọ tààrà, sí ẹ̀yìnkùlé wa nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà láyé ìgbà náà á rántí pé òórùn mọ́tò ṣọ̀wọ́n. Àwa ọmọdé a máa sáré tẹ̀lé lọ́rì kí á lè fa èéfín rẹ̀ símú bí ẹni pé oúnjẹ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé kò dáa.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Òun ni olórí àwọn tó ń fi àdá gé koríko nínú ọgbà náà, ọgbà tó fẹ̀ débi pé kí wọ́n tó gé e dé ìpẹ̀kun, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ á ti hù padà. Kò lọ sílé ìwé rí, ṣùgbọ́n ó ní ojú iṣẹ́. Aago ògiri tó bá dákẹ́, kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ bá já, òun ni wọ́n ń gbé e wá fún. Bó bá ti jókòó tì í, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, bóyá fún wa ni o, bóyá fún irin náà: "Fara balẹ̀. Kò sóhun tó ń lé wa."

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ́rì kan já àpótí pákó ràgàjì kan sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì Pírìnsípà. Ẹ̀rọ ìgékoríko tó ń lo pẹtiróòlù ló wà nínú rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a máa fojú rí. Títú ni wọ́n tú u wá: ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, abẹ lọ́tọ̀, ọwọ́ tí wọ́n á fi máa tì í lọ́tọ̀, àti àpò kékeré kan tó kún fún nọ́ọ̀tì. Pírìnsípà, ọkùnrin gíga kan tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, tí kì í gbójú kúrò lára aago ọwọ́ rẹ̀, ní àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ìjọba ń bọ̀ láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé. Bí bàbá mi bá lè to ẹ̀rọ náà kó sì ṣiṣẹ́ lójú wọn, òun ni yóò máa lò ó. Bí kò bá lè ṣe é, wọ́n á mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá láti Ìbàdàn, wọn ò sì ní nílò àwọn aládàá mọ́. Ó yé mi yékéyéké. Bí bàbá mi bá padà sóko ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwé mi parí nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi tò ó. Mo ní "a" nítorí èmi ni mò ń ka ìwé tó bá a wá. Gẹ̀ẹ́sì mi kò ju ti ọmọ kíláàsì mẹ́rin lọ, àmọ́ mo lè ka lẹ́tà tó wà lára àwọn àwòrán. Bàbá mi tẹ́ ẹní, ó to gbogbo irin náà sórí rẹ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán, kò sì fọwọ́ kan sípánà títí ó fi mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Màá pe lẹ́tà, á mú irin. Bí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù sórí ẹní, á tú ohun tó ti tò, á tún un bẹ̀rẹ̀. Inú a máa bí mi. Òun a rẹ́rìn-ín: "Àdùkẹ́, ṣé iná lo wá fọn ni?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó ń kánjú nígbà yẹn, torí ẹni tó bá gba ẹyinná sínú àpáàdì nílé aládùúgbò gbọ́dọ̀ yára délé kí iná náà tó kú.

Nígbà tá a dé ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ pẹtiróòlù, mo gbé e lọ bá tíṣà mi kó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní agolo òróró ẹ́ńjìnnì kan ni ká pò mọ́ agolo pẹtiróòlù mẹ́rìndínlógún. Ká rọ ọ́ níta gbangba, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí iná má sì sí nítòsí. Ká nu èyí tó bá dà sílẹ̀, ká gbé ẹ̀rọ náà kúrò níbẹ̀ ká tó fa okùn rẹ̀. Bàbá mi ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà òun náà sọ ọ́ fún mi, kò sì fo ọ̀kankan.

Nídàájí Sátidé, ìyá mi ti gba ọjà Akẹ̀sán lọ kí n tó jí. Bàbá mi bomi pa iná ààrò wa, ó rí i pé ó kú pátápátá, ó sì kó ẹ̀rọ àti garawa pẹtiróòlù lọ síta gbangba lẹ́yìn ilé. Kò jí mi. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó ṣe nìyẹn.

Oòrùn ti ga kí èmi tó jí, mo bá ààrò tútù. Nílé wa, ọmọbìnrin àkọ́bí ló ń tọ́jú iná mọ́jú. Bó bá kú, ọ̀lẹ ni wọ́n á pè é. Mo rò pé èmi ni mo gbàgbé láti fi eérú bò ó. Ojú tì mí. Mo mú àpáàdì, mo sáré gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ràfátù aládùúgbò wa, ó sì bu ẹyinná pupa fún mi. Mo fẹ́ po ẹ̀kọ gbígbóná fún bàbá mi kí àwọn àlejò tó dé.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àrọ wà lẹ́nu táńkì, ó ń rọ pẹtiróòlù sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pírìnsípà dúró tì í, ó ń wo aago. Mi ò sì tíì kí bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ta ló tó rí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ kó kọjá lọ láìkí i? Mo yà kúrò lọ́nà, mo lọ bá wọn. Nígbà tó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún mi wálẹ̀, àpáàdì lọ́wọ́, iná nínú àpáàdì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ káàárọ̀ sà."

Bàbá mi gbójú sókè. Pẹtiróòlù yà kúrò lẹ́nu àrọ, ó dà sílẹ̀. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá irin sọ̀rọ̀ náà ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Àdùkẹ́, má kúnlẹ̀. Dúró bẹ́ẹ̀."

Mo dúró.

"O ṣeun. Máa fẹ̀yìn rìn báyìí. Rọra. Kò sóhun tó ń lé wa."

Mo fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri ilé Ìyá Ràfátù. Omijé ti ń bọ́ lójú mi. Kì í ṣe ẹ̀rù iná ló ń pa mí lẹ́kún o. Ohun tó dùn mí ni pé bàbá mi kọ̀ kí n kí òun lójú ọ̀gá rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

Ibẹ̀ ni mo ti ń wò wọ́n. Pírìnsípà ní kó fa okùn, pé àkókò ti lọ. Bàbá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dà sílẹ̀. Ó dà sí mi lọ́wọ́ náà." Ó dé garawa, ó fi àkísà nu ara ẹ̀rọ, ó fọ ọwọ́, ó ti ẹ̀rọ náà kúrò lórí ilẹ̀ tó rin náà lọ sí òdìkejì ọgbà, ó sì tún dúró. Mọ́tò àwọn àlejò wọlé.

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?" ni Pírìnsípà wí. "Bí o ò bá lè ṣe é, sọ!"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko. "Mo lè ṣe é sà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ."

Mo mọ̀ pé ilé ìwé mi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé òun náà mọ̀. Síbẹ̀ kò fa okùn títí ó fi gbóòórùn ara ẹ̀rọ, tó gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀, tó tún wo ọ̀ọ́kán ibi tí mo dúró sí, tó rí i pé Ìyá Ràfátù ti da omi sínú àpáàdì mi. Ìgbà yẹn ló fà á. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dáhùn. Ariwo yẹn! Adìyẹ fọ́n ká, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, bàbá mi sì ń rìn lọ gbọọrọ lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, koríko ń dúbúlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó gbayì tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó wá mi wá. Koríko lẹ̀ mọ́ ọn ní ṣòkòtò. Ó ní, "Ó yá, kí mi wàyí." Mo kúnlẹ̀, mo kí i, ó sì kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ oríkì wa dé òpin. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo paná, mi ò sọ fún ẹni tó ni iná." Láti ọjọ́ náà, kó tó ṣí garawa, á kọ́kọ́ ké sí ilé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má fọnná, kò sì ní ṣí i títí obìnrin kọ̀ọ̀kan á fi dá a lóhùn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ-Paná.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi náà fẹ̀yìn tì sí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ṣe tíṣà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi Bọ́lájí, tó ń kàwé tó sì ń gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wá bá mi gé koríko. Ẹ̀rọ tiwọn fẹ́ẹ́rẹ́, èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́. Epo tán, ó gbé e kalẹ̀, ó sì ṣí táńkì rẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì ń jó bí ààrò. Mo figbe ta: "Bọ́lájí!"

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló sáré tọ̀ mí wá, kẹ́ẹ̀gì tó ṣí sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹtiróòlù ń ta sí i lẹ́sẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná náà kọjá. "Mà? Ẹ pè mí?"

Ọlọ́run ló yọ wá, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. A jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tutù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún bàbá mi, mi ò fo ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, igbe mi tó mú un sáré ni mò ń rò. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń rò pé bí a ṣe ń rọ epo ni bàbá mi kọ́ mi láàárọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan gbọ́ ohùn jẹ́ẹ́, ó fẹ̀yìn rìn, ó yè. Ọjọ́ orí mi ti ju ìlọ́po méjì ti bàbá mi ìgbà náà lọ báyìí, mi ò tíì ní ohùn yẹn.