Ààlè Tí Mo Fi Lé Ẹrù ní Ibùdó Rélùwéè

Ẹni tó bá dàgbà sí Ọjà'ba kì í sábà bẹ̀rù pé wọ́n á jí ẹrù òun. Kì í ṣe pé olè ò sí. Olè wà, wọ́n tún pọ̀. Ààlè la fi ń dá wọn dúró. Irú àti ata gbígbẹ ni mò ń tà lábẹ́ òkè Mápó, ìsọ̀ mi ò sì ní ilẹ̀kùn. Bí mo bá fẹ́ lọ kírun, màá so àjákù ọwọ̀ ìgbálẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣùkù àgbàdo, màá fi àkísà pupa dì í, màá gbé e lé orí ọjà, màá sì máa lọ. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ẹrù yìí ní olúwa, pé ohun tó bá bá ẹni tó fọwọ́ kàn án, òun ló fà á. Kì í ṣe oògùn o. Àlùfáà àdúgbò wa ti bi mí, mo sì dá a lóhùn pé àkísà lásán ni. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn olè ló ń ṣiṣẹ́, àkísà ò mọ nǹkan kan.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló bímọ ní Agége. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wojú Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n pè mí pé ó ti bí ọkùnrin, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ. Àwọn ọmọ mi ní rárá, wọ́n ń jí èèyàn gbé lójú títì. Àkọ́bí mi, tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Bẹyẹrunkà, ló le jù nínú wọn.

Mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi arúgbó ṣe? Ṣé mo tún níye lórí ni?"

Ó ní, "Ẹ níye lórí, màmá. Ẹnu yín ni mò ń rò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dá yín padà, wọ́n á sì máa bẹ̀ wá pé ká gbà yín."

Wọ́n ní rélùwéè ni màá bá lọ. Wọn ò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà àfi ti ọjọ́ keje, ọ̀la rẹ̀ sì ni ìsọmọlórúkọ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ìyá ọkọ ọmọ mi ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ìyá àna, ẹ má ṣèyọnu, a ti ń wẹ̀ ẹ́." Háà! Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án gbààwẹ̀ lé lórí, ẹlòmíràn ló ń wẹ̀ ẹ́! Bí n ò bá débẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, àlejò ni màá jẹ́ bí àwọn àlejò yòókù. Wọ́n á fún mi níjókòó, wọ́n á gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n á sì fi ọmọ hàn mí láti òkèèrè.

N ò lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ti rẹ àgbo ọmọ sínú omi ọ̀gì kíkan fún ọjọ́ mẹ́ta, ewé àti egbò, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ọmọ mi fi ọwọ́ mẹkáníìkì dé e pinpin kó má baà dà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà àti irú díẹ̀ sínú agbọ̀n, mo fi aṣọ bò ó. Ó fi ọ̀kadà gbé mi dé ibùdó rélùwéè. Bó ṣe fẹ́ máa padà síbi iṣẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ má kúrò nídìí ẹrù yín o."

Mo ní, "Ìwọ ni wàá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹrù?"

Àwọn èèyàn ti tò sẹ́nu géètì, wọn ò tíì ṣí i. Àkókò ìrun Ayílà sì ti tó. Ní àdúgbò wa, bí a bá tò sídìí ẹ̀rọ omi, ẹni tó bá fẹ́ lọ síbì kan á fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì á bá a tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo gbé agbọ̀n mi sójú ìlà, mo yọ ààlè mi nínú báàgì, torí kì í kúrò lára mi, mo fi lé e. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta la tún ń sọ fún? Ààlè ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun. Mo wá jókòó, mo ń fa tẹ̀sùbáà fún ọmọ tuntun. Oorun lè ti gbé mi lọ díẹ̀, n ò ní parọ́. Nígbà tí mo padà dé, n ò rí ìlà mọ́. Gbogbo èèyàn ti wà lẹ́bàá ọgbà lọ́hùn-ún, okùn ti wà láàárín, agbọ̀n mi nìkan ló jókòó sójú oòrùn bí ọba. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ẹ ò rí i, ààlè mi tún ń jẹ́ níhìn-ín ju ti Ọjà'ba lọ!

Mo lọ dúró láàárín wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ táì ń sọ pé, "Ẹ sún sẹ́yìn o, ó ń dún! Mo gbọ́ ọ, ó ń ṣe ṣìììì!"

Obìnrin kan tó di Bíbélì mú ní, "Ìyẹn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Ẹ wo nǹkan pupa orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Bàbá arúgbó kan, tó ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni ilé òun, ń rẹ́rìn-ín wọn. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ààlè nìyẹn. Ta ló rí bọ́ǹbù tó ní ààlè rí?"

"Ẹ lọ bá wa gbé e kúrò níbẹ̀ nígbà náà, bàbá."

"Èmi kẹ̀? Mo ní ààlè ni, mo mà sọ pé ààlè ni!"

Mo bi ọ̀dọ́kùnrin yẹn pé, "Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Màmá, wọ́n gbé bọ́ǹbù síbí."

"Níbo?"

Ó na ìka. Mo bá ìka rẹ̀ lọ títí tó fi dé orí agbọ̀n mi. Súbúhánàlláhì!

Ojú tì mí. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n dákẹ́, kí n bá wọn máa wo bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kéde pé bí àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù ò bá tètè ti ìgboro dé, ọkọ̀ ò ní gbéra lónìí mọ́. Mo rántí ẹni tó ń wẹ ọmọ mi ní Agége. Mo pariwo pé, "Èmi ni mo ni ín!" Ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ni mo bá gba abẹ́ okùn kọjá.

Obìnrin sìkiọ́rítì kan figbe ta. "Màmá! Ẹ padà! Màmá!"

Ó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi, n ò wẹ̀yìn. Mo ká aṣọ kúrò. Oòrùn ti pa kẹ́ẹ̀gì, ó ti wú bí ikùn aboyún, ó ń mí ṣìì, ṣìì. Mo rọ́ ìdérí rẹ̀.

Gbòà!

Ìdérí fò lọ sókè, àgbo tẹ̀lé e. Nígbà tí mo la ojú, èèyàn kan ò dúró mọ́. Gbogbo wọn ti dọ̀bálẹ̀, onítáì, oníBíbélì, gbogbo wọn. Bàbá Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ti wà lábẹ́ mọ́tò kan tí wọ́n gbé síbẹ̀. Èmi nìkan ló wà lórí ìdúró, ewé lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Ẹnì kan wá gbórí sókè, ó fa imú, ó ní, "Ọ̀gì mà ni o."

Obìnrin sìkiọ́rítì yẹn ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, omi ọ̀gì ń kán lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

"Màmá, kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní, "Ààlè ni mo fi sí i. Ta ni ò mọ ààlè?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ilé wa ò jìnnà sí Mápó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pa gbogbo wa, ṣé òun náà ò lè so ọwọ̀ mọ́ ṣùkù àgbàdo ni? Olè ni ààlè ń dá dúró, màmá. Ẹni tó gbé ikú wá ńkọ́?"

Mo yọ ewé kúrò níwájú orí mi. Láti ìgbà tí mo ti ń tajà, ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lọ nìkan ni mò ń ṣọ́. N ò ro ti ẹni tó fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ rí.

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀ ni mo fi 'ẹ' pè. Mo sọ fún un pé ọmọ ọjọ́ méje ló ń dúró dè mí. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kẹ́ẹ̀gì ò ní wọ ọkọ̀. Ó ní kí n da ìyókù omi nù, òun fúnra rẹ̀ sì bá mi kó ewé àti egbò sínú láílọ́ọ̀nù. Wọ́n ti agbọ̀n mi gba inú ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan àfi irú. Ó wá kígbe sí àwọn tó tò pé, "Ẹ jẹ́ kí màmá bọ́ síwájú o. Bó bá dúró lẹ́yìn, ó tún lè lọ kírun." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bọ́ síwájú.

Nínú ọkọ̀, Ìyá Oníbọ́ǹbù ni wọ́n ń pè mí. Agbọ̀n mi wà lórí itan mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́kùnrin onítáì dìde, ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìjókòó. Mo wo báàgì. Báàgì wò mí. Ọkàn mi ò gbà á.

"Ta ló ni báàgì yìí o? Mo ní ta ló ni ín!"

Ó sáré jáde nílé ìgbẹ́, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. "Èmi ni, màmá! Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni!"

"Máa gbé e dání!"

Bàbá Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ní, "Ẹ bá a so ààlè sí i."

Wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gáríbì nígbà tí mo dé ilé ọmọ mi ní Agége. Ìyá ọkọ ọmọ mi ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà lápá rẹ̀, ó dì í bí ẹni tó dì í láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ayé. Omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ń rú èéfín.

Ó ní, "Ìyá àna, ẹ káàbọ̀. Ṣé ọ̀nà dára?"

"Ó dára, a dúpẹ́."

Ó fa imú. "Kí ló ń rùn bí ọ̀gì?"

Mo rò ó fún un níbẹ̀, lórí ìdúró. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ti wọ abẹ́ mọ́tò, ẹ̀rín ti gba agbára lára rẹ̀, ó ń wá ògiri tó máa fara tì. Ó ní, "Ìyá àna, ẹ gbà mí, ẹ bá mi gba ọmọ yìí kí n má baà jù ú sílẹ̀."

Mo gbà á. N ò dá a padà títí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.