Àyè Tí Mo Fún Bàbá Lórí Sáfà

Ẹni tó bá ní òun rántí gbogbo ohun tí òun fi ọwọ́ òun ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kó wá bá mi, kí n kí i kú oríire. Èmi ò rántí tèmi. Mo máa sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, bó bá sì dàrú níbì kan, ẹ má bínú, bó ṣe dàrú fún èmi náà nìyẹn.

Ọ́fíìsì wa nígbà náà wà ní Lẹ́kkí Phase 1, lókè báǹkì kan. Àwòrán ilé la máa ń yà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á wá bá wa, a ó ya pálọ̀, a ó ya yàrá, a ó ya ibi tí omi máa gbà jáde, nítorí pé bí o bá gbàgbé omi ní apá ibí yìí, ọkọ̀ ojú omi lo máa fi wọ ilé rẹ. Èmi ni mo ń bójú tó ọ́fíìsì. Ìwé, fóònù, àlejò, epo jẹnẹrétọ̀, ọrùn mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà kan wà tí a kì í pa, tí gbogbo wa ń kó iṣẹ́ wa sí, tí oníkálukú sì lè jókòó sáyè tirẹ̀ kó ṣí i. Sáfà là ń pè é. Kò sí ẹni tí kò lè wọ ibikíbi nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wù ú á mú ohun tó wù ú, á yí i padà, á tún sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Ẹ wá wo orúkọ: "Èyí tó kẹ́yìn", "Èyí tó kẹ́yìn gan-an", "Ẹ lo èyí", "Ẹ má lo èyí mọ́". Mo rí ọ̀kan rí tó ń jẹ́ "Ọlọ́run jọ̀ọ́, èyí ni".

Ọ̀gá wa kì í pariwo. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, bó bá sì ti rọra sọ̀rọ̀ báyìí, kí o ti máa wá ibi sá sí ni. Lọ́jọ́ kan ó mú àǹtí kan wá tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Àǹtí yìí wo sáfà wa, ó mirí, ó ní kò yẹ kí gbogbo èèyàn lè fọwọ́ kan gbogbo nǹkan. Ó fún mi ní ìwé kan tó ní ìlà mẹ́ta. Ìlà kìíní wà fún àwọn tó lè wò nìkan. Ìkejì wà fún àwọn tó lè wò, tí wọ́n sì lè fi tiwọn kún un. Ìkẹta wà fún àwọn tó lè yí nǹkan padà, tí wọ́n tún lè pa á rẹ́. Ó ní kí n kọ orúkọ oníkálukú síbi tó bá yẹ ẹ́.

"Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí ni kí ẹ fi kọ ọ́ o, kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ràn wọn sí," ló wí.

Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Torí pé Bàbá wà láàárín wa. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ abúlé kan létí ọ̀sà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń jáde láàárọ̀ kùtùkùtù wá síbi iṣẹ́. Pẹ́ńsù àti rúlà ló fi kọ́ iṣẹ́ àwòrán, ó sì ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ọ̀gá tó ní ọ́fíìsì tó nílẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀, kó fi wo àwòrán ni, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó mú un dání lọ bá àwọn bíríkìlà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Wíwò nìkan ló yẹ ẹ́. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá a. Ṣé kí n wá kọ orúkọ Bàbá sí ìlà àwọn tó ń wòran, kí n kọ àwọn ọmọ tó lè bí sí ìlà àwọn aláṣẹ? Èmi tí wọ́n kọ́ nílé, kí n fi bírò ara mi kọ ọ́ pé kí àgbàlagbà máa wojú? Ọwọ́ mi kò gbà á. Mo kọ Bàbá sí ìlà kẹta, mo fi ṣáájú ọ̀gá gan-an, mo kọ àwọn ayàwòrán yòókù sí ìkejì kí wọ́n má baà ga ju Bàbá lọ. Mo kọ ara mi sí ìlà kìíní kí wọ́n má baà ní mo ṣojúsàájú. Ọ̀gá buwọ́ lù ú láìkà á. Àǹtí bi mí bóyá Bàbá ni olórí àwọn ayàwòrán. Mo ní, "Àgbà wa ni." Ó ṣe ohun tí mo kọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ariwo fi gba ọ́fíìsì. Ẹni tó fẹ́ sún fèrèsé nínú àwòrán kò lè sún un. Èmi náà fẹ́ tún orúkọ fáìlì kan kọ, sáfà ní mi ò láṣẹ. Èmi! Èmi tí mo kọ ìwé àṣẹ! Ni àwọn èèyàn bá rántí pé Bàbá láṣẹ, Bàbá kì í sì í sọ fún èèyàn pé rárá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde díẹ̀, mo fẹ́ tún nǹkan kan ṣe."

"Wá jókòó, ọmọ mi."

Á dìde, á lọ dúró létí fèrèsé, á máa wo títì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá sì gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Nígbà tó yá, ó kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí a má baà máa dúró de òun bí òun bá lọ kírun. Ibi tí a tì mọ́ gbogbo èèyàn wá ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ìjókòó Bàbá. Mo rí i, mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń jókòó síbẹ̀ bíi tàwọn yòókù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, oníbàárà tó ń kọ́lé púpọ̀ ní Ìbẹ́jú ní òun ò fẹ́ àtẹ̀gùn tí a yà. A ya òmíràn. Ọ̀gá ní kí n kó àwòrán àtijọ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò ó. Mo lọ sí ìjókòó Bàbá. Mo rántí pé fódà méjì wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn fẹ́ jọra. Mo rántí pé fóònù mi dún, olùkọ́ ọmọ mi ló ń pè láti Ajah, ó ní ara ọmọ gbóná, ó ti bì. Mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí, mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi omi nù ún lára, ọwọ́ mi kejì wà lórí máòsì. Kọ̀ǹpútà bi mí ní nǹkan kan. Mo dá a lóhùn. Kí ló bi mí? Kí ni mo ní kó ṣe? Ẹ gbà mí o, mi ò mọ̀. Mo gbé báàgì mi, mo sáré lọ gbé ọmọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́rú, kò sí fódà ilé Ìbẹ́jú mọ́, àti tuntun àti àtijọ́. Ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú sí ibòmíràn kò ní iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe àǹtí. Sáfà máa ń kọ ohun tí oníkálukú bá ṣe sílẹ̀, orúkọ ẹni náà àti aago. Àǹtí ṣí i, ó kà á sókè: aago méjì kọjá díẹ̀, orúkọ Bàbá.

Wọ́n pe Bàbá wọlé. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó fi awò sójú, ó tẹjú mọ́ orúkọ ara rẹ̀ títí.

"Bàbá," ọ̀gá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ sọ fún mi. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ẹ sọ ẹni náà. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ Ajé, ẹ ó máa lọ sinmi nílé nìyẹn. Oníbàárà ò ní gbà kí n má ṣe nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, ọ̀gá," ni Bàbá wí.

Èmi ńkọ́? Mo gbẹ́nu dákẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé àtijọ́ ni mo pa rẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo tún ní, ṣé ó dájú? Mo wo fóònù mi. Olùkọ́ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín aago kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo sì gbé. Èwo ni mo gbé ní ìjókòó Bàbá? Àwọn ayàwòrán méjì kan pẹ̀lú jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá alára ńkọ́, ṣé ó ti kírun dé, àbí kò tíì lọ? Bí mo bá jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe ńkọ́? Bí mo bá dákẹ́ lórí ohun tí mo ṣe ńkọ́? Nílé, ọkọ mi bi mí pé, "Ṣé ìwọ ni àbí ìwọ kọ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní báwo lèèyàn ò ṣe ní mọ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ni mo bá bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìṣe Bàbá yí padà. Ó ra ìwé kékeré kan, gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń kọ sínú rẹ̀: mo tẹ àwòrán jáde, mo mu omi. Ó wá sí tábìlì mi, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé mo ti kí ọ láàárọ̀ yìí?" Ó ti kí mi. Mo rò pé ó mọ̀, pé ó kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kí n lè fẹnu ara mi sọ ọ́. Inú tiẹ̀ bí mi sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé bó bá mọ nǹkan, kó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ, mo kúnlẹ̀.

"Mà, mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fún Bàbá láṣẹ tí kò yẹ ẹ́, torí ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá máa lọ, kí n lọ."

Ọ̀gá wò mí. "Bàbá ti wọlé wá láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ni."

"Háà! Mà, kò rí bẹ́ẹ̀!"

Ó pe àǹtí lórí fóònù, ó bi í bóyá sáfà lè sọ ẹni tó jókòó níbẹ̀. Àǹtí ní orúkọ nìkan ni sáfà mọ̀, kò mọ ojú èèyàn. Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá ní ẹnikẹ́ni ò ní lọ, òun máa bẹ oníbàárà, gbogbo wa la sì máa wá ní Sátidé títí a ó fi tún iṣẹ́ náà yà. Ó ní kí n tún ìwé àṣẹ kọ, kí Bàbá máa wò nìkan.

Mo sáré lọ bá Bàbá. Ó dúró létí fèrèsé.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ní ẹ̀yin ni?"

"Orúkọ mi ni mo rí níbẹ̀."

"Ṣé ẹ rántí pé ẹ ṣe é?"

"Mi ò rántí." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Á ṣe nǹkan, á ní òun ò ṣe é, títí tí kò fi dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Mo ní ó ti dé sí tèmi náà nìyẹn. Láti Ọjọ́rú, mi ò tíì sùn. Mi ò tíì sọ fún ìyá wọn nílé."

Mo ti rò pé iṣẹ́ ló ń bẹ̀rù pé ó máa bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi dákẹ́, tí bàbá yìí ń ṣọ́ orí ara rẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ṣé ó dá ọ lójú pé èmi kọ́?"

Kò sí nǹkan kan tó dá mi lójú láti ọ̀sẹ̀ yẹn wá.

"Ó dá mi lójú, Bàbá," ni mo wí. "Mo rántí dáadáa. Èmi ni."