Lẹ́ńsì Tí Dárasími Fi Orúnkún Yàn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Dárasími Oyèdèjì, ẹ dárúkọ pósítà ìsìnkú ìyá bàbá rẹ̀. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Ìwó, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pósítà yẹn ti pé ọdún mẹ́ta, kò sì tíì rọlẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, kò sí fọ́tò kankan tí ẹnikẹ́ni dìídì yà fún wọn. Bọ̀ọ̀dá Sunday, àbúrò bàbá rẹ̀, bá mú fọ́tò òde ìnáwó kan, wọ́n ní kí onípósítà gé Ìyá Àgbà yọ láàárín èrò. Ó gé wọn lóòótọ́, àfi ọwọ́ ẹlòmíràn tó ṣẹ́kù sí wọn léjìká, ọwọ́ tí kò ní ara, tí ìka rẹ̀ tó kéré jù ká kò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ káàkiri Ìwó títí dé Olúpọ̀nnà.

“Bọ̀ọ̀dá, ọwọ́ ta nìyí?” ni Dárasími bi wọ́n.

“Ọwọ́ èèyàn ni. Àbí ọwọ́ là ń sin ni?”

Ẹ gbọ́ èsì tí àgbàlagbà fọ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kó lọ ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń lò. Màmá Ẹfúnróyè, àbúrò Ìyá Àgbà, ló kù ní Olúpọ̀nnà, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kò sí fọ́tò wọn kankan tí Dárasími mọ̀. Fáṣínà ọmọ wọn ti ní lọ́jọ́ Sátidé òun ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí Àbújá pátápátá. Dárasími pinnu pé kí ọjọ́ náà tó pé, òun á ya Màmá nínú yàrá tí wọ́n ti lo gbogbo ayé wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà gé orí wọn lára ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá, iná kámẹ́rà máa ń ta wọ́n lójú. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà náà wá kò sì lè ríran níbi tó ṣókùnkùn. Gbogbo ohun tó bá yà níbẹ̀ á dúdú, á sì rí wúruwùru. Àwọn tó mọṣẹ́ kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé irú lẹ́ńsì kékeré kan wà tí ojú rẹ̀ là dáadáa, tó ń ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò lè fa nǹkan mọ́ra. Ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn á fi sún mọ́ ohun tó bá fẹ́ yà.

Ó wá a dé ṣọ́ọ̀bù Níyì tó ń ta kámẹ́rà ní Ìwó.

“Lẹ́ńsì kékeré báyìí?” Níyì rẹ́rìn-ín. “Àǹtí Tíṣà, wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lóde o.” Ó gbé ọ̀kan tó gùn bí ọmọ odó jáde. “Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ dúró sókèèrè, kí ẹ máa fà á mọ́ra.”

Irú ọ̀rọ̀ tó ń bí èèyàn nínú nìyẹn. Wọ́n ń wo bí lẹ́ńsì ṣe gùn tó bí ẹni ń ra iṣu, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí obìnrin náà fẹ́ yà. Nígbà tó kọ̀, Níyì mú kékeré kan wá tí wọ́n ń pè ní fífítì. Ó ní òun ni gbogbo ayé fi ń bẹ̀rẹ̀. Dárasími ní kó jẹ́ kí òun dán an wò. Níyì ní ẹni tó bá fi í sára kámẹ́rà ti rà á nìyẹn. Dárasími bá rà á. Gbogbo ayé tí Níyì ń sọ yẹn, èwo nínú wọn ló dé yàrá Màmá Ẹfúnróyè rí?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà gbé e dé Olúpọ̀nnà. Ó kúnlẹ̀ níbi tó ti máa ń kúnlẹ̀ láàárín ẹnu ọ̀nà àti bẹ́ẹ̀dì, Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre. Nígbà tó gbé kámẹ́rà sójú, orí Màmá nìkan ló kún inú rẹ̀. Ó dìde, ó fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Orí àti ọrùn ló rí. Orí gígé náà tún nìyẹn!

“Kí ló dé tí o dúró lé mi lórí bí agbowó-orí?” ni Màmá wí. “Ibi tí o ti ń kí mi ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà ta á jí. Ibi tó ti ń kí wọn ló yẹ kó ti yà wọ́n. Ó dá lẹ́ńsì àkọ́kọ́ padà sára kámẹ́rà, ó yí i sórí nọ́ńbà tátí-fáìfù tó ń gba nǹkan púpọ̀ ju fífítì lọ, ó fi sẹ́lótéèpù dè é kó má baà sún, ó sì padà sórí orúnkún rẹ̀. Àwòrán náà dúdú, ṣùgbọ́n ohun gbogbo wọ inú rẹ̀, láti ọwọ́ Màmá méjèèjì títí dé ògiri tí wọ́n lẹ pósítà Ìyá Àgbà mọ́. Lẹ́ńsì kékeré tátí-fáìfù ni yàrá náà ń fẹ́, kì í ṣe fífítì.

Ó gbé fífítì padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó lè fi pààrọ̀ tátí-fáìfù, ṣùgbọ́n Níyì ní òun kì í gba ọjà padà. “Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró ni.”

Inú bí Dárasími dé góńgó. Ó ṣàlàyé bí yàrá náà ṣe rí, Níyì ń tẹ fóònù. Ó ní kó wá wo fọ́tò méjèèjì, kò gbójú sókè. “Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín nígbà náà,” ni ó wí. Ó kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì na kámẹ́rà tó ní fífítì lára sí i. Imú àti eyín Níyì ló kún inú rẹ̀.

Àwọn ìyá àgbàlagbà méjì tó ń kọjá lọ bá dúró. “Níyì, kí lo fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe tó ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́ ní gbangba?”

“Fọ́tò ló ń yà, Màmá.”

“O tún ń purọ́. Ohun tó ń tọrọ, fún un.”

Ọlọ́kadà kan dúró, òmíràn tún dúró. Òógùn bo Níyì. Kò pẹ́ tó fi gba fífítì, tó sì fi tátí-fáìfù lé Dárasími lọ́wọ́. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ṣe ni ara rẹ̀ ń gbóná. Òtítọ́ tó sọ lórí ìdúró, wọn ò gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ tí kò bẹ̀, òun ni wọ́n dáhùn.

“Mi ò bẹ̀ yín o,” ó sọ fún Níyì bó ṣe ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún kúnlẹ̀ sí ààyè rẹ̀. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan wọn. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó. Ó yà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé kámẹ́rà sún mọ́ wọn.

Màmá wò ó pẹ́. “Èmi nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹnikẹ́ni ò gé yín.”

“Wọ́n ti gé mi rí.” Wọ́n nawọ́ sí pósítà ara ògiri. “Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ya fọ́tò yẹn. Ìgbà tí wọ́n ṣe ojú mi tán ni mo tó rí ohun tí Sunday ṣe. Ọwọ́ mi nìkan ló ṣẹ́kù.”

Dárasími wo pósítà, ó wo ọwọ́ Màmá. Ìka tó ká kò náà nìyẹn. Ọwọ́ tó ti ń súre lé e lórí láti ọgbọ̀n ọdún ni, ṣùgbọ́n orí ló máa ń tẹ̀ ba fún un, kò gbójú sókè wò ó rí. Ìbínú tó ti ń bí sí Bọ̀ọ̀dá Sunday wá yí padà, ó kan òun náà.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màmá?”

“Ta ló bi mí?” Wọ́n dá kámẹ́rà padà fún un. “Èyí tí o yà yìí, sọ fún Sunday pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, kó má gbé sísọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn.”