Orin Tó Gbọ́ Kí Fóònù Tó Dún

Ní Uptown, àdúgbò kan nílùú òkèèrè, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin, ni mo ti kọ orin àkọ́kọ́ mi fún fíìmù. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ orin, mi ò sì ríṣẹ́. Bàbá òyìnbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti ń kọ orin sí fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó bí mi, ló ní kí n fi ìran kan nínú fíìmù tuntun kan dánra wò. Bí olùdarí fíìmù náà bá gba orin mi, màá máa bá bàbá ṣiṣẹ́ lọ. Bí kò bá gbà á, ìlú Naperville tó wà nítòsí ni màá lọ: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ti bá mi wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni màá bẹ̀rẹ̀.

Ìran náà kò le. Ìyá àgbà kan ń tẹ́ tábìlì fún ènìyàn méjì. Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ní òun ò ní lè wá mọ́. Ìyá náà gbé abọ́ kan kúrò.

Mo mọ ìyá yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: ojú fèrèsé lèmi náà ti máa ń jẹun, kí n lè máa wo àwọn tó ń lọ sílé. Nítorí náà, mo da gòjé òyìnbó bo ìran náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣàì mọ̀ pé ó dunni.

Bàbá gbọ́ ọ tán, ó pè mí lórí fóònù.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n orin rẹ ti gbọ́ ìròyìn yẹn kí ìyá tó gbọ́ ọ. Ta ló sọ fún un?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé—"

"O tún ti ń bẹ̀ mí kí n tó bínú!" Ó rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kó fi ayọ̀ tẹ́ tábìlì rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí èèyàn ṣe ń dúró ni mò ń kọ́."

Mo yọ gbogbo gòjé náà. Mo fi ohùn píánò kan ṣoṣo síbi tí ìyá náà ti gbé abọ́ kúrò.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí màá wọ̀ síbi iṣẹ́ ní Naperville, mo fi kọ́ ilẹ̀kùn, mo sì ti banú jẹ́ tán kí fóònù tó dún.

"Wọ́n gbà á," ni bàbá wí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sì gbé orin náà sí i.

"Ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ó ti parí, ma."

"Kóń, ó tán? School tó o lọ nìyẹn?" Ẹ̀rín pa á. "Ọlọ́run ṣeun jàre. Break mi ti parí, màá pè ẹ́."

Inú mi dùn, ó dùn gan-an ni, àmọ́ kò sẹ́ni tí mo lè yíjú sí. Mo ká ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ọkọ̀ ojú irin kọjá, abọ́ kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì mi sì dún díẹ̀.