Bàbá Tó Ní Kí N Má Dọ̀bálẹ̀

Mi ò mutí rí láyé mi. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa rò tí mo bá ní inú ilé ọtí ni mo ti rí òkú.

Ní College Park ni, ní Amẹ́ríkà níbí, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa pààrọ̀ kẹ́ẹ̀gì, ìyẹn àgbá onírin tí bíà wà nínú rẹ̀, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, kí n sì máa so ó mọ́ sìlíńdà gáàsì tó ń ti bíà lọ sókè. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ẹ ò lè rí i, àmọ́ ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀ ò ní rí èémí mí.

Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ máníjà wa. Ó yọ aláàmù gáàsì kúrò lára iná, ó ní ariwo rẹ̀ ń da àwọn oníbàárà láàmú. Ó kó páálí dí ihò afẹ́fẹ́. Sìlíńdà méjì dúró láìsí ṣéènì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí i. Èsì rẹ̀ ni pé ìwé tí mo kà ti pọ̀ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sọ̀kalẹ̀, mo tan iná. Bàbá kan dúró lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wa, wọ́n kọ pélé. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Má dọ̀bálẹ̀." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí èémí rẹ̀ ò tó.

Orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà..." Àyà mi há. Ojú mi ń ṣú.

"Nàró. Jáde. Ìkíni ò ní bàjẹ́ dọ̀la."

Mo fi ọwọ́ ra ògiri títí mo fi dókè.

Ìyá Ràṣídá, tó ń dáná fún wa, bu omi fún mi. Mo ṣàpèjúwe bàbá náà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mi ò wo ọwọ́ wọn, mà."

"Àwọn ló ń ṣiṣẹ́ yìí kó o tó dé. Kọ́kọ́rọ́ wọn jábọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti he é. Wọn ò nàró mọ́. Máníjà ní àìsàn ọkàn ni."

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò. Wọ́n rí rọ́bà gáàsì tó ń jò. Mi ò dárúkọ bàbá, fọ́ọ̀mù wọn ò ní àyè fún òkú.

Ní báyìí, aláàmù ń ṣiṣẹ́, ihò afẹ́fẹ́ ti ṣí, wọ́n ti fi ṣéènì de sìlíńdà, ẹnikẹ́ni kì í dá sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọkàn mi balẹ̀, kí n má purọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Láràárọ̀ ni mò ń kí bàbá lẹ́nu ọ̀nà, lórí ìdúró.

Àmọ́ láwọn ọjọ́ mìíràn, a máa ń gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ jábọ́ lẹ́yìn àwọn kẹ́ẹ̀gì. Tèmi wà lápò mi. Ti ẹni tá a jọ sọ̀kalẹ̀ wà lápò tirẹ̀.

A kì í wá a. Bí tiyín bá jábọ́ nírú ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jáde.