Onígbàjámọ̀ Tó Máa Ń Sé Èémí

Ọjọ́ tí àdúgbò ò gbàgbé ni ọjọ́ tí abẹ Onígbàjámọ̀ dúró sí ọ̀fun télọ̀. Ọṣẹ ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ télọ̀, abẹ ti dé gògóńgò, ni Onígbàjámọ̀ bá dijú, kò mí mọ́. Télọ̀ ò lè mira, kò lè pariwo. Ojú nìkan ló ń yí. Ó pẹ́ kó tó tú èémí náà sílẹ̀, fùúù.

"Ọkàn mi ti rọlẹ̀ wàyí," ó ní. "Tìẹ ńkọ́?"

Télọ̀ sá jáde tòun tọṣẹ. Títí dòní, ṣe ló ń dá irùngbọ̀n sí.

Kì í ṣe eré ló gbé Onígbàjámọ̀ dé ìdí èémí sísé. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí, ó di ẹrù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. "Tí ariwo yín yìí ò bá dákẹ́, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ."

Oníbàárà kan tó ń kọ́ni ní yóógà ló là á lọ́yẹ̀: fa èémí sínú, sé e, jẹ́ kí inú dákẹ́, kí o rọra tú u sílẹ̀. Ó kìlọ̀ pé orí ìjókòó ni kó ti máa ṣe é. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ti èémí. Kò gbọ́ ti ìjókòó.

Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó bá aṣọ tútù tí ìyàwó sá sórí àga rẹ̀. Ó lanu, ó rántí, ó sé èémí. Nígbà tó máa fi tú u sílẹ̀, ìjà ti fò lọ lórí rẹ̀.

"Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ sọ?"

"Ẹ fẹ́ tọrọ àforíjì ni," ìyàwó ní.

Ó tọrọ ẹ̀.

Ẹrù padà sí yàrá. Ìbẹ̀rù tuntun ló kù: ìyàwó á wọlé, á bá a tó le gbagidi. "Baálé mi, ṣé ẹ ti kú ni?" Ẹni tó sé èémí ò sì lè fèsì. Wọ́n bá ṣàdéhùn pé kó máa mi àtàńpàkò ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, sálúbàtà ló ń wọ̀, kí ẹ̀rí lè hàn. Àwọn oníbàárà wá fi dígí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Nígbẹ̀yìn, àìsàn gbé Onígbàjámọ̀ dé ọsibítù. Ó mí kan, kò mí òmíràn. Nọ́ọ̀sì fa aṣọ bò ó lójú. Ìyàwó ká aṣọ náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, Nọ́ọ̀sì. Ó máa tú u sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ojú ìyàwó, ó fa àga, ó jókòó tì í. Àwọn méjèèjì jọ ń wo àtàńpàkò náà.

Nígbà tó pẹ́ tí kò mì, ìyàwó rọra fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ọ̀hún, ó sì fọwọ́ lé e.

"Ariwo ti dákẹ́, baálé mi," ó ní. "Mi ò lọ síbì kankan mọ́."